Ta Ló Pọn Omi Tó Wà Nínú Àmù?

Èékánná ẹsẹ̀ Ìyá Josẹ́fù ni mò ń gé nígbà tí mo rí ọkọ mi tó ń gun òkè bọ̀. Mo ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹsẹ̀ ìyá náà títí èékánná fi rọ̀, mo gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo sì ń fi abẹ gé e díẹ̀díẹ̀, nítorí èékánná àgbàlagbà a máa le bí ìkarahun. Làmídì kì í gun òkè. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, nínú ọjà Dásà, láàárín abọ́ tánganran àti àpò iyọ̀ tó ń tà. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń sá fún ogun ló ń gun òkè, ogun sì ti parí láyé bàbá àwọn bàbá wa. Nítorí náà, bí mo ṣe rí fìlà rẹ̀ láàárín àpáta, tó dúró, tó mí, tó tún gùn, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀ ló gbé e wá.

Ìyá Josẹ́fù a máa rí ọ̀nà jíjìn ju ìtòsí lọ. "Ọkọ rẹ kọ́ nìyẹn?" ó ní. "Ọjà ti tú ni, àbí ó fẹ́ máa ta iyọ̀ fún àwọn ẹyẹ?"

Làmídì dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì tètè dìde. Èémí rẹ̀ kò tíì délé.

"Dìde, dìde," ìyá náà ní. "Má kú sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Kátólíìkì ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí."

Làmídì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní Bàbá Sàká, ará ìlú wa tó máa ń gbé aṣọ wá tà, ló dé láàárọ̀. Ìyá mi ti ṣubú lẹ́yìnkùlé, lórí àpáta tí òjò ti mú kó máa yọ̀, ìbàdí rẹ̀ ló fi gúnlẹ̀. Kò lè dìde rìn fúnra rẹ̀ mọ́.

"Ó ní kí wọ́n má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu," Làmídì ní. "Ó ní kí o ṣáà fi Àbẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí òun."

Abẹ dúró lọ́wọ́ mi. Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Eyín ọmọdé ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kúrò ni.

"Bí eyín bá ti ń yọ, ó ti tó rán níṣẹ́," Ìyá Josẹ́fù dá sí i. "Fi í ránṣẹ́ sí i. Ọmọ ọmọ ni ẹsẹ̀ arúgbó." Ó wo ojú mi, ó wo abẹ, ó sì rọra ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ mi. "Ṣùgbọ́n parí ẹsẹ̀ kejì yìí ná. O ò lè fi mí sílẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà ẹyọ kan."

Mo parí rẹ̀. Mo lọ pọn omi sí àmù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí orí òkè kò ní kànga, lẹ́yìn náà ni mo tó tẹ̀ lé ọkọ mi sọ̀kalẹ̀.

*

Ṣakí ni ilé mi. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, mo sì rò pé mo ti mọ ayé. Nígbà tí Làmídì fẹ́ mi tó mú mi wá sí Dàhòmẹ̀, àsíá òmìnira wọn ṣì tuntun, ọkàn mi balẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa náà ni mò ń lọ. Mo kúnlẹ̀ kí obìnrin àkọ́kọ́ tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, n kò sì gbọ́ ju ìdajì ohun tó sọ lọ. Ohùn ilé ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló yí. Ó bà mí lẹ́rù ju kí n má gbọ́ rárá lọ. Ẹni tó bọ́ sáàárín àwọn Haúsá mọ̀ dájú pé òun ti kúrò nílé. Èmi kò mọ̀ bóyá mo ti kúrò tàbí n kò tíì kúrò.

Wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi kọ́ kò lè bá mi ra ata, kò lè bá mi sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì kankan. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo di púrúǹtù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń kọ́ mi. Bí mo bá ń ṣa ìrẹsì, ó máa jókòó tì mí, ó máa ní, "Màmá, ẹ tún un pè, ẹnu yín wúwo jù."

Ọ̀sán ló máa ń dá mi lágara jù lọ. Òkè yí ìlú ká, ooru á jókòó sáàárín, ọjà á dákẹ́, èmi á sì máa ronú pé ní wákàtí yìí gan-an, ìyá mi ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi òro, ó ń bá ẹni tí n kò rí sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe mí níkà ní Dásà. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń fún mi ní iṣu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tí kò bá sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítòsí, àgbà òjijì ló dà.

Iṣẹ́ ló gbà mí. Àwọn obìnrin Ọlọ́run tí wọ́n ń pè ní màsẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan nísàlẹ̀ òkè. Mo kọ́kọ́ ń bá wọn fọ aṣọ tí wọ́n fi ń di egbò, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa gun òkè lọ wẹ egbò fún àwọn àgbà tí kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe mọ Ìyá Josẹ́fù nìyẹn. Ní ọdọọdún, tí àwọn onírìn-àjò mímọ́ bá kún ìlú ní oṣù kẹjọ, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ihò àpáta Màríà ní Àrígbó, pẹ̀lú ìborùn funfun. Ọdún tí kò sọ̀kalẹ̀ ni màsẹ́ẹ̀ ní kí n lọ wò ó.

*

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé láti Kútọnú lọ́dún yẹn. Mùsíọ̀ Dòsú ni a ń pè é, ọ̀dọ́mọkùnrin tó rù, tó máa ń fi aṣọ ìnujú nu ìgò ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ nu ayé mọ́. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn arúgbó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kí n máa bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí Faransé díẹ̀ ti wọ̀ mí lẹ́nu lọ́dọ̀ àwọn màsẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń tán ní Kèrè, wọ́n ń tán ní Gbáfò, àwọn abúlé orí òkè tó wà nítòsí; Abíjáànì ń kó wọn, oko kòkó lọ́dọ̀ tiwa ní apá Ìbàdàn náà ń kó wọn. Bó bá pẹ́ sí i, arúgbó nìkan ni yóò kù lórí àwọn òkè yìí. Ẹ jẹ́ ká múra sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé ọjọ́ ogbó jẹ́ ohun tí ìlú lè jókòó múra sílẹ̀ fún, bí ẹni ń múra sílẹ̀ fún ọ̀dá.

Ó ní ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí kò ní ẹni tó ń tọ́jú wọn. Ohun tó ní kí n bi wọ́n nìyẹn: "Ṣé ẹ ní ẹni tó ń tọ́jú yín?"

Alágbẹ̀dẹ àtijọ́ kan, Bàbá Àjàyí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí òpó, ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ọmọ mi kún ayé! Bí gbogbo wọn bá gun òkè yìí wá lẹ́ẹ̀kan náà, òkè á wó." Mo wo inú ilé rẹ̀. Ìkòkò dojú dé. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ìdí ni bàbá yìí fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ wá omi.

A bi ẹlòmíràn. Ọmọ ń bẹ. A bi ẹlòmíràn. Ọmọ ń bẹ, àna ń bẹ, ẹ̀gbọ́n àna náà ń bẹ.

Ìyá Josẹ́fù ní, "Mo ní Josẹ́fù."

"Níbo ló wà?" Mùsíọ̀ Dòsú bi í.

"Abíjáànì. Ó ń bọ̀ ní àjọ Àrígbó."

"Àjọ Àrígbó èwo?"

"Èyí tó ń bọ̀ ni. Ṣé èyí tó ti lọ ni yóò wá?"

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, Mùsíọ̀ Dòsú ní, "Màdáámù, gbogbo ènìyàn ló lẹ́nìkan. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó rán mi? Wọn yóò gbé ilé náà lọ síbòmíràn."

Mo padà gòkè lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí."

Ojú rẹ̀ le. "Ìwọ ọmọ yìí. O fẹ́ kí n dúró níwájú ìjọba kí n sọ pé mi ò lẹ́nìkan? Josẹ́fù ńkọ́? Ibi yòówù kó wà, ọ̀rọ̀ náà á lọ bá a. Ìyá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pa ọmọ."

Ní ilé tiwa ní Ṣakí, ta ló jẹ́ sọ pé òun kò lẹ́nìkan? Ọ̀rọ̀ tí àwa náà ń fi ṣépè fúnra wa ni ìjọba wá ń bi àwọn àgbà pé kí wọ́n fi ẹnu wọn jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Sàká gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi dé.

*

"Kí la fẹ́ ṣe?" Làmídì bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gun òkè yẹn.

"Àbẹ̀kẹ́ ò lọ."

"Ìyá rẹ ló bèèrè rẹ̀. Kì í ṣe ìyá tèmi."

"Mo mọ ìyá tí ó jẹ́, Bàbá Àbẹ̀kẹ́."

"Ṣé wọn ò fi ìwọ náà ránṣẹ́ nígbà tí o wà ní kékeré ni? Ṣé ó pa ọ́?"

Wọ́n fi mí ránṣẹ́. Nígbà tí eyín èmi náà ń yọ, wọ́n kó aṣọ mi sínú igbá, wọ́n mú mi lọ bá ìyá tó bí ìyá mi lábúlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, mo ń fà á lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó ń jẹ orí ẹja kó lè fi ara ẹja sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí àwọn àgbà wà lóko, èmi ni mo jókòó tì í tí mo ń lé eṣinṣin, mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń yípadà, n kò sì mọ ohun tí ìyípadà náà jẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ó dùn, ó sì wúwo. Àwọn méjèèjì ni. N kò bú àṣà wa. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé nígbà mìíràn, ọmọdé ni a fi ń dí ihò tó yẹ kí àgbà fi ara rẹ̀ dí.

"Kò pa mí," mo sọ fún Làmídì. "Ẹ ò sì bi mí ohun tó ṣe."

Ó pe Àbẹ̀kẹ́ wá, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ní kó fi ihò ẹnu rẹ̀ han òun. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé òun náà kò fẹ́ kó lọ.

*

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà pákó kan ní Ìbàdàn, tẹlifóònù sì wà níbẹ̀. Mo jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Dásà láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Wọ́n ní ohùn mi yóò kọ́kọ́ lọ sí Kútọnú, kó tó gba Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ohùn mi rin ìrìn tí èmi fúnra mi kò rí owó ọkọ̀ rẹ̀.

"Hẹ́lóò! Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá!"

"Èmi wo?"

Nígbà tí a parí ìyẹn, ó ní, "Má pariwo, mo ń gbọ́. Mo ti lọ wo Màmá. Ó jókòó lórí àga, ó wọ aṣọ òfì rẹ̀, ó ń ṣàwàdà. Mo bi í pé kí ló fẹ́. Ó ní òun ní ọmọ, kí ni òun tún ń wá?"

Orí òkè Dásà ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló pọn omi tí ẹ mu?"

"Omi kẹ̀? Omi wà nínú àmù."

"Mo mọ̀. Ta ló pọn ọ́n?"

Nǹkan kan ń hó nínú wáyà náà bí epo. Mo rò pé ó ti já.

"Mi ò bèèrè," ó ní.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé gun òkè lọ́jọ́ kejì. N kò bi ẹnikẹ́ni nípa ọmọ. Mo kí wọn, mo jókòó, mo ní kí wọ́n fún mi lómi mu, mo sì ní, "Omi yìí tutù o. Ta ló pọn ọ́n?"

"Èmi ni," Bàbá Àjàyí ní. "Láti àárọ̀ àná ni mo ti ń gbé e bọ̀, òru ló bá wa délé." Ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Josẹ́fù wo ìsàlẹ̀ àmù rẹ̀. "Ìwọ ni," ó ní. "Omi ọjọ́ tí o gé èékánná mi ni. Mo ń ṣọ́ ọ mu."

Kò sí ojú tó le, kò sí ọmọ tí ẹnu ìyá pa. Omi là ń sọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún Mùsíọ̀ Dòsú, ó yọ ìgò ojú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ìyá mi wà ní Wídà," ó ní. "Òun náà máa ń sọ pé òun ní ọmọ." A jókòó báyẹn, ó rẹ àwa méjèèjì.

Wọn kò kọ́ ilé náà. Mùsíọ̀ Dòsú kọ̀wé pé àwọn arúgbó orí òkè kò fẹ́ ibùsùn nísàlẹ̀, níbi tí kò sí ibojì òbí wọn, ẹsẹ̀ tí yóò máa gòkè wá bá wọn ni wọ́n fẹ́. A mú àwọn opó mélòó kan nínú ìlú, wọ́n ń pọn omi gòkè, wọ́n ń se oúnjẹ, a sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má sọ igbá kalẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ ìròyìn Josẹ́fù. Kèrè àti Gbáfò kò rí tiwọn gbà. "Màdáámù, ìjọba lè yí kí òjò tó dá," Mùsíọ̀ Dòsú ní. "Ẹ jẹ́ ká yọ̀ fún èyí tó bẹ̀rẹ̀." Mo yọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ kì í yọ̀ fò sókè.

*

Mo mú Àbẹ̀kẹ́ dání lọ sí Ṣakí. N kò mú un lọ fi sílẹ̀.

Ìyá mi wà lórí àga pẹ̀lú aṣọ òfì rẹ̀. "O ti mú un wá," ó ní, ó sì fa ọmọ náà mọ́ra.

"Màmá, èmi ni mo wá. N ó wà pẹ̀lú yín títí ọyẹ́ yóò fi dé. Òun á bá mi padà."

"Ilẹ̀ Faransé ti kọ́ ọ lọ́rọ̀," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí ní Dásà, ará Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Mo dé ilé tán, mo tún di àlejò.

Nígbà tí mo bọ́ òfì kí n lè wẹ̀ fún un ni mo rí egbò tí àga ti dá sí i lára. Ó pẹ́ tó ti ń jókòó sí ojú kan náà, kí ẹni tó bá wọlé lè bá a ní ìjókòó. Mo fọ egbò náà bí mo ṣe ń fọ ti àwọn ìyá oníìyá.

Opó ìbátan wa kan wà, Ìyá Súlè, tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ lé jáde. Mo ní kó wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn. Ìyá mi yarí. "Alárìnkiri lásán ni yóò máa wẹ̀ fún mi?"

"Màmá, ta ló ní ó ń bọ̀ wá tọ́jú yín? Kò ní ilé ni. Ẹ̀yin lẹ máa gbà á sílé."

Ó ronú. "Ṣé ó mọ ẹ̀kọ dá?"

"Ẹ ó máa kọ́ ọ."

"Kó kó ẹrù rẹ̀ wá. Kò dáa kí ọmọ ènìyàn máa rìn káàkiri."

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó ń fi ọ̀pá rìn dé abẹ́ igi òro, ó ń pàṣẹ fún Ìyá Súlè, ara àwọn méjèèjì sì ń yá gágá. Lọ́jọ́ tí a ń padà, mo bi í pé kí ni kí n máa fi ránṣẹ́. Ó ní, "Mo ní ọmọ. Kí ni mo tún ń wá?"

A ti dé Dásà tán, mo ń tú ẹrù, nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. "Màmá Ṣakí ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ fi ń sunkún?"

Mo jókòó sílẹ̀, mo fà á sáàárín ẹsẹ̀ mi. "Gbọ́," mo ní. "Lọ́jọ́ kan, èmi náà á di arúgbó. O lè wà ní Kútọnú, o lè wà níbi tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. O máa bi mí bóyá ara mi le, mo máa ní ó le. O máa bi mí ohun tí mo fẹ́, mo máa ní mi ò fẹ́ nǹkan kan. Irọ́ ni mo máa pa. Má gbà mí gbọ́ o, Àbẹ̀kẹ́. Wá wò mí."

Ó rò ó. "Bí mo bá wá, tí ẹ ní kí n máa lọ ńkọ́?"

"Jókòó," mo ní. "Má dá mi lóhùn. Ṣáà jókòó."